Àkàrà Aago Mẹ́wàá Àárọ̀

Nínú oṣù ààwẹ̀ tó kọjá, àràárọ̀ ni mo ń dín àkàrà ní aago mẹ́wàá, nínú fúláàtì mi ní Peckham. Mi ò jẹ nínú rẹ̀ o. Ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi. Ọmọ mi tó wà ní Taiwan ni mo ń dín in fún, òun náà kò sì lè jẹ nínú rẹ̀, àfi kó máa gbọ́ ìró epo rẹ̀ lórí fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má baà rò pé orí mi ti dàrú. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Bàbá rẹ̀ ti kú láti ìgbà tó wà ní pámárì, láti ìgbà náà sì ni àwa méjèèjì ti jọ ń gbé fúláàtì yìí. Yunifásítì tó ń lọ níbí ló fi í ránṣẹ́ sí Taiwan fún odidi ọdún ẹ̀kọ́ kan, kó lọ kọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ibẹ̀ sì wá síbí. Pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó sọ ọ́ fún mi, mo bi í pé ta wá ni wọ́n máa gbé wá bá mi gbé ní pàṣípààrọ̀ tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò fi ṣeré.

Nígbà òtútù, wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣíwájú wa. Bí aago mẹ́wàá àárọ̀ bá lù níbí, oòrùn ti ń wọ̀ níbẹ̀, àsìkò ìṣínu wọn ti tó. Mo mọ bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ ju bí mo ṣe mọ tèmi lọ. Bí mo bá jí ní aago mẹ́ta láti jẹ sààrì, kí n tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Bermondsey níbi tí mo ti ń tún ọ́fíìsì ṣe, aago mọ́kànlá àárọ̀ ti lù fún un, ó ti wà ní kíláàsì, ó ń kọ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú èdè wọn ní ogún ìgbà kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ń nu tábìlì àwọn èèyàn tí mi ò fojú kàn rí, ọ̀sán ti pọ́n níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ jẹun, òun sì ti lọ jókòó sí láíbìrì. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n pè é pé kó ká lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọn ò pè é mọ́. Wọn ò ní in sínú. Wọ́n kàn ti mọ̀ pé kò ní wá ni.

Àwọn mẹ́rin ló wà nínú yàrá kan ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀dì wà lókè, tábìlì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kálukú á sì ki nǹkan bọ etí, á kọjú sí ògiri. Àárín tábìlì rẹ̀ àti ti ẹnì kejì ló ń tẹ́ ẹní ìrun rẹ̀ sí. Ọmọ tó ga ni, ó sì dirun dé ìdí kó tó lọ. Nínú ọkọ̀ ojú irin, àwọn ọmọdé a máa wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń wo tẹlifísàn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé, ó gbọ́ tí ọkọ̀ kan ń kọrin bọ̀ lójú títì, ló bá mú owó, ó sáré sọ̀kalẹ̀. Ó rò pé oníáísìkirímù ni, bí èyí tó máa ń wá sẹ́yìn ilé wa níbí. Ọkọ̀ akólẹ̀ ni. Gbogbo àdúgbò ti tò, àpò ìdọ̀tí wà lọ́wọ́ kálukú, òun nìkan ló di owó mú. Nígbà tó ròyìn rẹ̀ fún mi, a rẹ́rìn-ín débi pé ikùn ń dùn wá. Ìgbà tí mo pa fóònù ni mo tó rò ó pé, níbi tó ti ṣẹlẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

Bí ọ̀rọ̀ àkàrà ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Lọ́jọ́ kìíní ààwẹ̀, ó pè mí ní àsìkò ìṣínu rẹ̀. Orí àtẹ̀gùn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló jókòó sí, nítorí kò fẹ́ kí òórùn oúnjẹ dí àwọn tó ń kàwé lọ́wọ́. Dàbínù mẹ́ta, ẹyin sísè kan àti ìrẹsì tí wọ́n fi ewé inú òkun dì ló wà lórí itan rẹ̀.

Ó ní, "Mummy, ibí yìí dákẹ́ jù. It doesn't feel like ìṣínu. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan."

Mo bi í pé kí ló fẹ́ gbọ́. Ó ní àkàrà. Ní ilé wa, láti kékeré rẹ̀, ìró àkàrà nínú epo ló máa ń sọ fún un pé ìyà ọjọ́ náà ti tán. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́sàn-án, mi ò lọ sùn. Mo ti rẹ ẹ̀wà sílẹ̀ láti alẹ́, mo bó o, mo lọ̀ ọ́, mo gbé epo kaná. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, mo gbé fóònù ti ẹ̀gbẹ́ páànù, mo dà á síbẹ̀ ní ṣíbí ṣíbí.

Ó pariwo pé, "Yes! Ẹ gbé e closer, Mummy." Ó bu dàbínù jẹ. Lẹ́yìn náà ló máa ń béèrè pé, "Iyọ̀ ńkọ́?" Èmi náà á ní ó tó. Mi ò mọ̀. Wọ́n ní èèyàn lè fi orí ahọ́n tọ́ ọ wò kó sì tu ú dànù, ṣùgbọ́n mi ò gba ahọ́n mi gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ojú ni mo fi ń wọn iyọ̀.

Irọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ wa, èmi ni mo sì pa á. Ó bi mí pé, "Mummy, ta ló ń bá yín ṣínu?" Mo ní àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí ni, pé ojoojúmọ́ ni ilé ń kún. Kò sẹ́ni tó ń wá. Mo lọ ṣínu ní mọ́ṣáláṣí lẹ́ẹ̀kan, àwọn ìyá jókòó ti àwọn ọmọ wọn, gbogbo ẹni tó kí mi ló ń béèrè pé, "Ọmọ yín ńkọ́?" Mi ò lọ mọ́. Èmi àti àwo kan la jọ ń ṣínu.

Ó mọ̀ mí, ọmọ yìí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó sọ fún mi pé fọ́ọ̀mù kan wà nílẹ̀: ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe ìdajì ọdún tó kù lè fọwọ́ sí i pé òun ń padà sílé, ẹni tó bá fẹ́ dúró náà á fọwọ́ sí i. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa gbà á dé. Ó ní òun fẹ́ràn ẹ̀kọ́ náà, pé etí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là sí èdè wọn ni, ṣùgbọ́n tí èmi bá dá wà, òun máa bọ̀ wálé.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí àkàrà ń hó lọ́wọ́, ó ní, "Mummy, I'm setting my alarm. Tó bá di àsìkò ìṣínu yín, mo máa video call. Mo fẹ́ kí àwọn Aunty yẹn. Then I'll know what to do with the form."

Mo ní, "Aago méjì òru lọ́dọ̀ yín? Sùn jàre."

"Mo máa jí fún sààrì anyway. Bye, Mummy."

Bó ṣe pa fóònù báyìí, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Àlájà tó ń gbé lókè wa ni. Mọ́ṣáláṣí kan náà la ń lọ, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, èmi ni mo sì máa ń bá a ka lẹ́tà tí káńsù bá kọ sí i. Lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gbóòórùn. Ó wo èéfín tó ń ti kíṣìnnì bọ̀, ó wo epo tó ta sí mi láṣọ, ó tún wo àwo àkàrà tó gbóná fẹlifẹli lórí tábìlì.

Ó ní, "Ah-ah. Nínú ààwẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo nílò láti fi ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n onínú fùfù ni mí, ojú tó fi wò mí yẹn sì ta mí lára. Mo ní, "Ẹ wọlé, ẹ wá jẹ, Àlájà, ṣebí ohun tí ẹ rò nìyẹn." Ó pa lẹ́tà rẹ̀ mọ́ra, ó yí padà, ó gun àtẹ̀gùn lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń di irin mú. Mo ti ilẹ̀kùn. Kí n tó dé kíṣìnnì, mo ti mọ̀ pé mi ò ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò pè é padà.

Mo sùn díẹ̀. Nígbà tí mo jí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn. Ọ̀kan wà ní shift ní ọsibítù ní Lewisham. Ọ̀kan ní àwọn àna òun ń bọ̀ wá ṣínu lọ́dọ̀ òun, ó bi mí pé ṣé kò sí wàhálà o. Mo ní kò sí. Èwo ni kí n sọ? Kí n ní ẹ dákun, ẹ wá bá mi jókòó, kí ọmọ mi lè rí yín lójú fóònù? Mo fi fóònù sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kó wálé. Àárò rẹ̀ ń sọ mí débi pé mo ń wọ súẹ́tà rẹ̀ sùn. Mi ò tiẹ̀ ní láti bẹ̀ ẹ́, mi ò ní láti sunkún. Kí n sáà jókòó bí mo ṣe máa ń jókòó, kí n gbé fóònù nígbà tó bá dún, kó rí àga kan, àwo kan, kọ́ọ̀bù kan. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á ti wà nínú yàrá rẹ̀. Mo rò ó láti aago mẹ́rin títí tí ilẹ̀ fi ń ṣú. Mo gbé oúnjẹ mi kalẹ̀. Mo gbé fóònù ti ìgò omi. Mo jókòó.

Àsìkò tó. Mo mu omi, mo jẹ dàbínù kan. Fóònù dún, àwòrán ọmọ mi yọ lójú rẹ̀, èyí tó yà ní iwájú kíláàsì wọn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Mo na ọwọ́ sí i. Bí mo ṣe ń wo àwòrán yẹn, mo rántí ogún ìgbà tó ń kọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Mo dìde. Mo gbé àwo àkàrà, mo gbé fóònù tó ń dún, mi ò tiẹ̀ wọ bàtà. Mo sáré gun òkè.

Àlájà ṣílẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, nínú kọ́ridọ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, Àlájà. Mi ò jẹun. Ọmọ mi ni mò ń dín in fún, kó lè máa gbọ́ ọ lórí fóònù tó bá ń ṣínu. Òun ló ń pè yìí. Tó bá rí i pé mo dá wà, á fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀."

Fóònù dákẹ́. Àlájà wo àwo ọwọ́ mi. Ó ní, "Tí o bá wá dín in tán, ta ló ń jẹ ẹ́?"

"Fìríìsà ni mò ń kó o sí, mà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ kejì ààwẹ̀. Kò gba ẹran mọ́."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́ra. "Dìde. Pè é padà."

Mo wọlé. Àga kan ló wà nídìí tábìlì tirẹ̀ náà, àwo ẹ̀kọ kan, tẹlifísàn tó ń dá sọ̀rọ̀. Gbogbo ọdún tí mo ti ń bá a ka lẹ́tà, mi ò wo ibẹ̀ rí.

Ọmọ mi gbé e kíá. Orí àtẹ̀gùn ló wà, ó fi ìborí bo orí, ojú rẹ̀ wú fún oorun. "Mummy, ẹ kú ìṣínu! Ẹ ò gbé e lẹ́ẹ̀kan yẹn."

Kí n tó dáhùn, Àlájà ti gba fóònù. Ó gbé e súnmọ́ ojú débi pé iwájú orí rẹ̀ nìkan ló ń hàn. Ó ní, "Ọmọ dáadáa, ṣé o ń kàwé?" Ó mú àkàrà kan, ó bù ú jẹ. "Iyọ̀ ìyá ẹ pọ̀ o."

Mo gbọ́ ẹ̀rín ọmọ mi. "Ẹ kú ìṣínu, mà. Àwọn Aunty tó kù ńkọ́?"

Àlájà ò wo ojú mi. Ó ní, "Wọ́n ń kírun. Ṣé o ò mọ̀ pé ilé ìyá ẹ kì í gba èrò tán ni?"

Ọmọ mi fi ọwọ́ nu oorun kúrò lójú. Ó wá ní, "Okay. Okay, Mummy. I'll stay. Mo máa sign ẹ láàárọ̀."

Mo ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Ó dáa gan-an." Ohùn mi ò yẹ̀. Mo kí i pé ó dàárọ̀, mo pa fóònù, mo sì di etí tábìlì mú.

Mo ní, "Àlájà. Irọ́, nínú ààwẹ̀?"

Ó ní, "A ti ṣínu." Ó lọ gbé àga kejì wá láti yàrá, aṣọ wà lórí rẹ̀, ó kó o kúrò, ó ní kí n jókòó. Ó gbé àwo síwájú mi. Omijé ń dà lójú mi. Mo mú àkàrà kan, èyí àkọ́kọ́ tí mo máa jẹ nínú gbogbo èyí tí mo ti dín láti bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ń dín in, kò sẹ́ni tó wà nínú ilé láti sọ fún mi.