Ẹ̀wà Inú Fírísà Àbúrò Mi

Àbúrò mi obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò fẹ́ràn kí wọ́n máa pariwo orúkọ òun. Nítorí náà, mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀, mi ò sì ní kọ ti ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó wá kí wa nígbà tó kú tí mi ò lè dá orúkọ rẹ̀ pè, kí n sì fi orúkọ bàbá rẹ̀ lé e. Ọlọ́run ló fún mi ní irú orí bẹ́ẹ̀. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ilé-kéú ni mo kọ́kọ́ lọ, mo sì ṣe ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí bàbá wa tó kó wa wá sí Niamey ní ilẹ̀ Niger, tó fi mí sídìí aṣọ títà ní ọjà tí wọ́n ń pè ní Petit Marché.

Èmi ni mo pọ̀n ọ́n kọjá bodè. Nígbà tó tó ilé-ìwé í lọ, ilé-ìwé Faransé ni wọ́n fi í sí. Tó bá dé lọ́sàn-án, bàbá wa á ní kó wá jókòó tì mí ní ìsọ̀, kó lè mọ ọjà. Ó ń jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí lára aṣọ. Ìyá kan, ọmọ ìlú níbẹ̀, ẹ̀yà Zarma, wà ní iwájú ìsọ̀ wa tó ń ta ẹ̀wà: funfun, pupa, alámì dúdú lójú, gbogbo rẹ̀ nínú àpò tí wọ́n ká létí. Ibẹ̀ ni àbúrò mi ń lọ. Á ti ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wà funfun, á ṣa ẹyọ pupa kan jáde, á gbé e síwájú obìnrin náà.

"Kí ló dé tí èyí fi pupa, tí àwọn ìyókù sì funfun?"

"Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, ọmọ mi."

"Mo mọ̀. Báwo ló ṣe wá dá a?"

Obìnrin náà wò mí, èmi náà wò ó, a bú sẹ́rìn-ín. A ò mọ̀ pé ìbéèrè tí ọmọ náà máa fi gbogbo ayé rẹ̀ bi nìyẹn.

Ó wọ yunifásítì ní Harobanda, lódìkejì odò, ó tún ré òkun kọjá lọ kà sí i. Nígbà tó dé, wọ́n ti ń pè é ní dókítà. Àwọn obìnrin ọjà gbọ́, wọ́n rọ́ wá sí ìsọ̀ mi. Ọ̀kan ti ká ìró sókè, ó ní kó bá òun wo orúnkún.

Àbúrò mi ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ̀wà ni èmi ń wò."

"Ẹ̀wà? Ẹ̀wà náà ń ṣàìsàn?"

"Ó ń ṣàìsàn gidi."

"Yéè! Ẹ gbà mí, wọ́n ń gún ẹ̀wà lábẹ́rẹ́ nílùú òyìnbó!"

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Dókítà Ẹ̀wà. Òun náà a máa jẹ́ ẹ.

Àìsàn tó ń sọ yìí, koríko kan ni. Òdòdó rẹ̀ lẹ́wà, tó o bá rí i o lè já a fún ìyàwó. Ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ ibi. Á fi gbòǹgbò rẹ̀ wá gbòǹgbò ẹ̀wà rí, á rọ̀ mọ́ ọn, á máa mu ún bí ọmọ ṣe ń mu ọmú, títí ẹ̀wà á fi gbẹ lórí ìdúró. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá àwọn àgbẹ̀ ibí gbé mọ̀ ọ́n. Àwọn Hausa ń pe irú koríko bẹ́ẹ̀ ní iná, torí oko tó bá wọ̀ dà bí èyí tí iná jó. Òògùn kò ràn án. Àbúrò mi ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí òun rí ni kí wọ́n wá ẹ̀wà tí koríko náà kò lè mu, kí wọ́n fún un ní aya tàbí ọkọ láàrin àwọn ẹ̀wà tí àwọn èèyàn fẹ́ràn láti jẹ, kí ọmọ lè gba agbára lára ọ̀kan, kó gba adùn lára èkejì.

Mo tẹ̀lé e lọ sí ọgbà wọn láàárọ̀ kan. Irin tín-ín-rín bí èyí tí a fi ń yọ ẹ̀gún ló mú dání. Ó ṣí òdòdó kan tí kò tíì là fúnra rẹ̀, ó gba lẹ́búlẹ́bú lára òdòdó mìíràn fi kan inú rẹ̀, ó wá so òwú mọ́ ọrùn rẹ̀ kí wọ́n má baà ṣì í mọ̀.

Mo ní, "Alárinà ni ọ́, ṣé o mọ̀?"

Ó ní, "Alárinà tí kì í jẹ iṣu ìyàwó."

Ó ti lọ́kọ rí. Ọkọ náà kú nígbà tí wọn ò tíì pẹ́ pọ̀, kò fẹ́ ẹlòmíràn, kò sì bímọ. Àwọn kan ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, pé ẹ̀wà ló ń gbé níyàwó, òun alára wà lásán. Ó gbọ́. Lọ́jọ́ tó gbọ́, ó kàn bi mí bóyá ọbẹ̀ ṣẹ́kù.

Ilé ìdáná mi wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní àgbẹ̀ kì í gbin ohun tí ìyàwó rẹ̀ kò bá fẹ́ sè. Tí ọmọ ẹ̀wà kan bá ti bọ́ lọ́wọ́ koríko, á gbé díẹ̀ wá fún mi, màá sè é, a ó jọ tọ́ ọ wò. Ọdún kan wà tó gbé ọ̀kan wá tinú-tinú. Mo gbé e kaná lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ìrun ìrọ̀lẹ́ dé, ó ń dún kóró-kóró nínú ìkòkò.

Mo ní, "Ẹ̀wà rẹ yìí mà tún le ju koríko náà lọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ka ọdún tó ti lò lórí rẹ̀ sí mi létí, ó palẹ̀ mọ́, ó sọdá afárá padà síbi iṣẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Òmíràn jáde, ó dùn, ó tètè jiná, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó so, òjò ibí yìí kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Mo ti tà, mo ti jèrè, mo ti pàdánù, mo ti tún ìsọ̀ kọ́, òun ṣì ń wá ọmọ ẹ̀wà kan.

Ó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì nígbà tó wọlé lọ́sàn-án kan, tó jókòó sórí ẹní mi láìbọ́ bàtà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó jọ pé mo ti rí i."

Ẹ̀wà náà kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Òjò tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi gbin ín kó lè pọ̀, kí wọ́n tó gbé e fún àgbẹ̀. Ooru ọdún náà le, ẹ̀rọ tó ń mú irúgbìn tutù níbi iṣẹ́ wọn sì bàjẹ́. Ilé rẹ̀ ní Harobanda ní iná òòrùn, fírísà rẹ̀ kì í kú, ló bá kó o lọ sílé pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ àti àwọn ìbátan rẹ̀ mìíràn, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpò ìwé kékeré tó kọ nọ́ńbà sí lára. Àìsàn ọkàn mú un kí òjò tó dé. Kò pẹ́ níbùsùn. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n wá ni mo wà láyé tí wọ́n fi gbé e lọ.

Ìgbà tó pé ogójì ọjọ́, àbúrò ìyá wa, Màmá Kékeré bí a ṣe ń pè é, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú ọ̀nà kò dára, bodè kò rọrùn, arúgbó náà sì forí tì í. Ilé àbúrò mi la ti ṣe é, òun ló sì gba ilé ìdáná. Nílé wa, wọ́n gbà pé sàárà tí wọ́n bá ṣe fún òkú, ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, kí láádá rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìyà sọ́nà. Màmá Kékeré ṣí àpótí, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, kò rí oúnjẹ kankan, torí ọ̀dọ̀ mi ni àbúrò mi ti ń jẹun. Ó wá ṣí fírísà. Ó rí ẹ̀wà. Inú rẹ̀ dùn. Ó ya àwọn àpò ìwé náà, ó da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú igbá, ó bu apá òkè rẹ sómi pẹ̀lú ẹ̀wà tí a rà lọ́jà, ó sì fi ìwé náà koná.

Iwájú ilé ni mo wà níbi tí mo ti ń gba àlejò. Àkàrà ti jáde, a ti pín in fún àwọn aláàfáà àti ọmọ kéú, nígbà tí ọmọbìnrin Zarma tí àbúrò mi kọ́ níṣẹ́ wọlé. Òun ló gba ipò rẹ̀ ní làbó, ilé ìwádìí wọn. Ó kí mi, ó ṣàdúrà, ó wá rọra bi mí ní Hausa pé ibo ni irúgbìn wà, òjò ti ń ṣú. Mo mú un wọlé. Ó rí igbá náà. Ó rí fírísà tó ṣófo. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Màmá Kékeré kò gbọ́ Hausa. "Kí ló ń ṣe é? Ṣé ebi ń pa á ni? Àkàrà ṣẹ́kù."

Mo sọ fún un. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Ó tán! Mo ti fi iṣẹ́ ọmọ mi dín àkàrà!"

A ò lè bá a wí. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Èmi alára ti jẹ nínú àkàrà náà, ó sì dùn, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Ọmọ Zarma ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní èyí tó kù nínú igbá kò tíì kú, orúkọ wọn ló sọnù. Ó ní kì í ṣe ara ìwé nìkan ni orúkọ wà. Ó gbé igbá náà lọ.

Màmá Kékeré ní òun ò ní padà sílé títí òun ó fi gbọ́ ibi tó já sí. Ó ń kí ìrun, ó ń ka tẹ̀sùbáà, kò jẹun dáadáa. Ọmọ Zarma gbin gbogbo ẹ̀wà náà, ẹyọ kan nínú ike kan. Nígbà tí wọ́n yọ ewé, ó gé nínú rẹ̀ wò; ìgbà tí wọ́n tanná ló tó ní ká máa bọ̀.

A wọ takisí kọjá afárá. Ó fi hàn wá bó ṣe ń gé ewé díẹ̀, tó ń lọ̀ ọ́, tó ń fọ̀ ọ́ nínú omi oríṣiríṣi títí á fi ku ohun funfun kan tó rí bí òwú tí wọ́n rẹ sómi. Ó ní inú ìyẹn ni àbùdá wà, ohun tí ọmọ jogún lára bàbá àti ìyá. Ó tún gbé àwòrán kan síwájú wa, ìlà wẹ́wẹ́ tó ń tàn nínú òkùnkùn, ọ̀kan lókè, méjì nísàlẹ̀, ti ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Àbúrò mi ti ya ti gbogbo wọn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn ń fi ti ìsinsìnyí wé e ni.

Màmá Kékeré fọwọ́ kan àbàjà tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. "Bí wọ́n ṣe ń dá wa mọ̀ nìyí láyé àtijọ́. Ṣé a ti rí i?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń fi ìka tọ́ka sí àwọn ìlà náà.

"Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ìbátan rẹ̀ wà. Òun gan-an ni kò sí."

Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu mi kí n tó sọ ọ́ fún arúgbó. Ó fa àwòrán náà súnmọ́ra.

"Bí bàbá bá wà, tí ìyá bá wà, ṣé wọn ò lè tún un bí ni?"

Ọmọ Zarma ní, "Wọ́n á bímọ. Òun kọ́ ni wọ́n máa bí o, Màmá. Àbúrò rẹ̀ ni. Wọ́n máa bí ọ̀pọ̀ àbúrò, a ó sì máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí a ó fi rí èyí tó bá a mu. Ó lè gba ọdún púpọ̀."

Bàbá kan náà, ìyá kan náà ló bí èmi àti àbúrò mi. Mo ti jókòó sídìí aṣọ láti kékeré, mi ò fìgbà kan bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí tí ẹ̀wà fi pupa. Kò sí bí wọ́n ṣe lè tún un bí. Mo mọ ìyẹn dáadáa, mo sì dúró níbẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi, èmi tí mi ò sunkún níwájú èrò láti ọjọ́ tí a ti sin ín.

Ó mú wa jáde sẹ́yìn ilé. Ó ti fi lẹ́búlẹ́bú bàbá kan inú òdòdó ìyá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sì ti so òwú mọ́ ọn, kó tó ránṣẹ́ pè wá. Ó gbé agolo omi fún Màmá Kékeré.

"Ẹ gbà, kẹ́ ẹ fún ẹ̀wà náà lómi," ni mo ní.

"Èmi? Mi ò tún fọwọ́ kan ẹ̀wà mọ́ láyé mi."

"Ó ní ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bomi rin ín."

Arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìnira. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di agolo náà mú, ó ń da omi náà díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ojú ọmọ Zarma bóyá ó ti tó.