Ìyá Tí Kò Jẹ́ Kí Ọmọ Rẹ̀ Sunkún

Màmá Kékeré ni àwọn oníbàárà ń pe ọmọbìnrin tí onídìrí kan bí. Ọmọ náà ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n bó bá sáré díẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, á lóṣòó sílẹ̀, á máa mí gúlegúle bí àgbàlagbà tó gun òkè. Àwọn èèyàn á fi rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ náà á rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gba kóòmù lọ́wọ́ ọmọ náà, ló bá figbe ta. Ṣàdédé ni ẹkún náà dákẹ́. Kí ìyá rẹ̀ tó yíjú, ètè ọmọ ti dúdú bí ẹni tó mu aró. Nọ́ọ̀sì kan tó wá dirun fò dìde pẹ̀lú ààbọ̀ irun lórí, ó gbé ọmọ náà, ó ká orúnkún rẹ̀ mọ́ ọn láyà.

"Ẹ wá mọ́tò! Ọsibítù yá!"

Nígbà tí dókítà yẹ ọmọ náà wò tán, ó ní, "Mọ́mì, inú oyún ló ti rí báyìí. Ihò wà lára ògiri tó dá ọkàn rẹ̀ sí méjì, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró sì fún. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó lọ gba afẹ́fẹ́ ń gba ojú ihò yẹn padà sínú ara lófìfo. Bó bá lóṣòó, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sí i á ráyè kọjá sínú ẹ̀dọ̀fóró. A máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ má jẹ́ kó sunkún jù."

Ẹ̀rù wá di ará ilé. Ohun tí ọmọ bá na ọwọ́ sí, ìyá á ti gbé e fún un.

Ọkọ rẹ̀ ní, "O máa ba ọmọ yìí jẹ́ o."

"Kó bàjẹ́. Kó ṣáà wà."

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, àwọn méjèèjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí ni onídìrí ń fò dìde; agbálẹ̀ ni, tàbí ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn kọjá. Nígbà tó ṣe, dókítà fúnra rẹ̀ jáde.

"A ti dí ihò náà, a sì ti la ọ̀nà yẹn. Ó ṣì máa máa wá fún àyẹ̀wò, àmọ́ ara rẹ̀ ti gbà á."

Onídìrí wọlé lọ wo ọmọ. Ó wo ètè, ó pọ́n. Kò gbà á gbọ́. Ó tún wo èékánná.

Nọ́ọ̀sì ọsibítù kan ní, "Ẹ jókòó, mọ́mì."

Ó jókòó, etí àga ló fìdí lé, ó sì di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú. Ẹsẹ̀ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́.