Rédíò Tí Mo Fi Pe Ìmàdò Wá Jẹun

Èmi gan-an ni mo fọwọ́ ara mi lu aago oúnjẹ fún àwọn ìmàdò tó jẹ iṣu mi ní Redan, lókè òkun níbí. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn omi ògì tó kan, ara mi ni mo kọ́kọ́ máa ń fi rẹ́rìn-ín kí n tó fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Igbó ló wà lẹ́yìn ilé wa nígbà náà. Mo kọ ebè méjìlá síbẹ̀, kì í ṣe nítorí ebi, ẹnu mi ló kó bá mi. Níbi ìkórè ọdún tó ṣáájú, Ìyá Ìjọ wo iṣu tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ìwọ náà lè gbin nǹkan ṣá?" Mo dìde níwájú gbogbo church, mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé iṣu ọwọ́ mi ni màá gbé wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìgbà tí iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í ta ni ìmàdò bẹ̀rẹ̀ sí í wú ebè. Wọn ò ní àkókò: àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́. Àmọ́ bí wọ́n bá ti gbóhùn mi, wọ́n á wọgbó. Ni èmi ọlọ́gbọ́n bá gbé rédíò kọ́ sẹ́yìn ilé. Bí mo bá ń lọ sí shift níbi iṣẹ́ mi ní Tucker, màá tan ibi tí wọ́n ti ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Bí mo bá dé, màá pa á, nítorí ariwo wọn ń dà mí lórí rú. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo sùn bí ọba. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ebè mẹ́jọ ti lọ.

Ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì tó máa ń wà nílé lọ́sàn-án, ló rí wọn láti fèrèsé kíṣìnì. "Daddy, bí rédíò yín bá dákẹ́, wọn kì í wá. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n á tò wọlé bí ẹni ń lọ síbi lunch."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí léegun. Wọ́n ti mọ̀ pé ariwo yẹn ò lẹ́sẹ̀, pé bó bá ti ń pariwo, ẹlẹ́sẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́. Kí ẹlẹ́dẹ̀ igbó mọ shift mi ju supervisor mi lọ! Mo pa rédíò, àmọ́ ó ti pẹ́ jù: kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n jẹ ebè mẹ́rin tó kù. Mo búra pé wọ́n á pọ̀ ọ́.

Bàbá adúláwọ̀ ọmọ ìlú náà tó múlé tì wá, ọdẹ láti kékeré, fi truck rẹ̀ gbé pańpẹ́ onírin kan wá, ó tóbi bí yàrá, ilẹ̀kùn rẹ̀ á já lulẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹran bá ti wọlé. Ó ní kí n rẹ àgbàdo sómi títí yóò fi kan, kí n dà á sínú rẹ̀, kí n sì máa bá tèmi lọ. Mo da àgbàdo náà síbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo kọ̀ láti bá tèmi lọ. Mo fẹ́ fojú mi rí ẹ̀san.

Lọ́jọ́ tí mo wà ní off, láago mẹ́wàá àárọ̀, mo tan rédíò bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́, mo sá wọnú mọ́tò tí mo gbé sẹ́yìn ilé, mo ti gbogbo ilẹ̀kùn. Òórùn omi ògì gba ẹ̀yìnkùlé kan. Akọ ìmàdò dúdú kan yọ, irun ẹ̀yìn rẹ̀ nà ró, eyín rẹ̀ yọ síta. Ìgbà tí mo máa wo ara mi, mo ti so seat belt! Mọ́tò ò sì ń lọ síbì kankan. Akọ náà tẹ́tí sí rédíò. Wọ́n ń bú kóòṣì kan lọ́wọ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó wọnú pańpẹ́. Gbà! Ilẹ̀kùn irin já lulẹ̀.

"Ṣé o ti ráyé ẹ báyìí!" Mo pariwo, gíláàsì ṣì wà ní títì.

Bàbá ọdẹ náà gbọ́ ariwo, ó dé, ó sì fi ọta ìbọn kan ṣoṣo parí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi í bóyá ó ti kú kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò káàánú rẹ̀. Èmi ni mo kun ún, bí ọ̀bẹ sì ṣe ń wọlé ni mò ń sọ pé: ti ebè kìíní nìyí, ti ìkejì nìyí, títí dé méjìlá. Mo wá mọ̀ pé ariwo wa kì í lé ẹranko lọ. Ó kàn ń kọ́ ọ ní ìgbà tí a kì í sí nílé ni.

Lọ́jọ́ ìkórè, mo gbé cooler ẹran yíyan wọ church, ojú ń tì mí. Ìyá Ìjọ ṣí i. "Iṣu dà?" Mo ròyìn gbogbo rẹ̀, títí kan seat belt. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi yẹ̀, ó jẹ ègé kan, ó sì yíjú sí pásítọ̀:

"Ẹ súre fún un, ó ti san ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Iṣu náà nìyí, ìmàdò ló kàn bá a rù ú débí."