Gbèsè Ẹsẹ̀ Yínúsà Kò Bá A Wọlẹ̀

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún mi pé kí n fi ọ̀rọ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ fi owó oṣù tiẹ̀ lé E lọ́wọ́, kí gbogbo wa jọ wò ó. Yínúsà àbúrò mi kú láàárọ̀ Jímọ̀ tó kọjá, nínú ilé wa ní Òkè-Àpárò, lẹ́yìn Ìbàfò. A sin ín lọ́jọ́ náà kí wọ́n tó kírun Alásárì. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ló pa á. Irọ́ ni. Ìbọn ọlọ́pàá ló pa á, ọdún mẹ́jọ gbáko ló sì fi pa á, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ọ̀bẹ tó kú dúńbú màlúù.

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n èmi Sùwéébátù ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ èyí. Toyyibah, ọmọ ọmọ mi, ló bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ jẹ́ kí n yọ ibi tẹ́ ẹ ti bú ọlọ́pàá. Wọ́n á wá gbé yín o." Mo ní kí wọ́n wá. Orúnkún mi ò ṣeé tẹ̀. Àwọn ni wọ́n máa pọ̀n mí dénú ọkọ̀ wọn, àwọn náà ni wọ́n máa pọ̀n mí padà.

Ta ni Yínúsà? Agbẹ́kànga ni. Bí ẹ bá ń gbé ní Ìbàfò tàbí Mówè, tí ẹ sì ń pọnmi lẹ́yìnkùlé yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lẹ ń mu. Ó gbẹ́ kànga dé Ifọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà tí ìyá wa bí i tó sì kú. Ẹ̀yìn mi yìí ló gbé títí tó fi mọ ìrìn. Ẹsẹ̀ tí wọ́n wá yìnbọn fún yẹn, ìbàdí mi ló kọ́kọ́ gbá.

Mi ò sọ pé ẹni mímọ́ ni o. Ìyàwó méjì ló kọ̀ ọ́ sílẹ̀, mi ò sì bá wọn wí. Ọkùnrin tó bá fi gbogbo ọjọ́ dá wà nísàlẹ̀ kànga, tó bá dókè tán, ta ló máa lè pa á lẹ́nu mọ́? Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ò lábùkù. Kó tó sọ̀kalẹ̀, á kọ́kọ́ fi okùn sọ àbẹ́là títàn kalẹ̀. Bí iná bá kú, atẹ́gùn ibẹ̀ ò dáa nìyẹn, kò ní wọ̀ ọ́, bí wọ́n tilẹ̀ kó wúrà síbẹ̀. Á wá fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ògiri kànga lọ́tùn-ún lósì, á máa sọ̀ bí ọ̀bọ. Omi àkọ́kọ́ tó bá jáde nínú kànga tuntun, inú kẹ́ẹ̀gì kékeré ló ń rọ ọ́ sí wá fún mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tọ́ ọ wò." Ẹrẹ̀ ni! Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi mu ẹrẹ̀ ọmọ yìí, tí mò ń sọ pé ó dùn.

Ọ̀sán gangan ló ń bọ̀ láti Mówè lọ́jọ́ tí wọ́n yìnbọn fún un, òun àti dígà, ṣọ́bìrì àti okùn rẹ̀, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tèṣán Òkè-Àpárò dá a dúró. Ẹnu ara rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ẹlẹ́rìí méjì sì sọ bákan náà ní kọ́ọ̀tù.

"Ta lo fẹ́ fi okùn yìí dè?"

"Garawa ni, ọ̀gá."

"Dígà ńkọ́? Ilé ta lo fẹ́ fi já?"

"Ilẹ̀ ni mò ń gbẹ́. Kànga tẹ́ ẹ fi ń wẹ̀ ní tèṣán yín, èmi ni mo gbẹ́ ẹ. Ẹ máa rántí mi bẹ́ ẹ bá ń ṣan ọṣẹ kúrò lára."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Ẹni tó gbé ìbọn ò rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ìbọn máa dákẹ́, orúnkún ọ̀tún Yínúsà ti fọ́.

Wọ́n ní ìbọn ló ṣèèṣì. Ó dáa. Mo ti gbọ́ nípa ìbọn tó ṣèèṣì ba ọlọ́kadà, mo ti gbọ́ nípa èyí tó ṣèèṣì ba ọmọ ilé ìwé. Kí ló dé tí kì í ṣèèṣì ba ẹsẹ̀ ọ̀gá ọlọ́pàá? Àbí ìbọn náà mọ ẹni tó ń fọwọ́ sí owó oṣù?

Lọ́yà Rosemary, ọmọdébìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, gba ẹjọ́ náà láìgba kọ́bọ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi rò ó. Adájọ́ dá wa láre: kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún Yínúsà, kí wọ́n sì kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ yẹn, Yínúsà fi ẹsẹ̀ kan jó níwájú kọ́ọ̀tù títí ó fi ṣubú. Mo bú u dáadáa. Omi ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń bú u.

Ọdún mẹ́rin mìíràn tún ti kọjá lórí ìyẹn. Ọ́fíìsì kan ní fáìlì wà ní Abẹ́òkúta, òmíràn ní ó wà ní Àbújá. Wọ́n ní kó mú ìwé dókítà wá. Ó mú un wá, wọ́n ní ìwé náà ti pẹ́ jù. Ta ló mú un pẹ́? Wọ́n tún ní kí ẹni tí ìbọn bà yọjú fúnra rẹ̀. A tẹ́ ẹ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta bí igi ìdáná. Akọ̀wé tó wà nídìí fáìlì náà wo ẹsẹ̀ tó ń ṣọyún yìí tààrà, ó gbé bírò, ó ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ wo ni?"

Yínúsà ní, "Ẹ mú èyí tó bá wù yín."

Láàárọ̀ Jímọ̀ tó kú yìí, ara rẹ̀ ò tíì tutù tán tí fóònù rẹ̀ fi dún. Akọ̀wé yẹn ni: kí Yínúsà wá ní Mọ́ńdè, wọ́n tún fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Qudrah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló gbé fóònù. Ó ní bàbá òun ti kú.

"Áà, ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ṣé ẹ mọ̀ pé a máa ti fáìlì náà pa nìyẹn? Òun fúnra rẹ̀ ló yẹ kó buwọ́ lù ú."

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn. Wọ́n yìnbọn fún un, wọ́n ń wò ó títí ọgbẹ́ fi pa á, wọ́n wá ní kíkú tó kú ló ti fáìlì pa. Ọgbọ́n nìyẹn! Bí èmi náà bá jẹ èèyàn ní gbèsè, ṣé kí n máa dá ọjọ́ fún un títí tó fi máa kú ni?

Àwọn agbẹ́kànga ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbẹ́ sàréè lẹ́yìnkùlé wa. Ìfẹ́ pọ̀ jù! Ìgbà tí Alfa Abdulrauf máa yọjú wò ó, orí wọn ti rì sínú ilẹ̀. Ó pariwo, "Ẹ̀yin ará, ó tó o! Òkú la fẹ́ sin, kì í ṣe omi là ń wá." Wọ́n ní láti da iyẹ̀pẹ̀ padà. Wọ́n ní obìnrin kì í dé etí sàréè. Mo ní mo gbọ́. Mo gbé àga mi sí ẹ̀bá ògiri. Ògiri ilé bàbá mi ni.

Lẹ́yìn tí wọ́n kírun sí i lára, Alfa béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè níbi ìsìnkú wa: "Ẹni tí olóògbé bá jẹ ní gbèsè, kó wá bá mọ̀lẹ́bí. Ẹni tó bá sì jẹ olóògbé, kó sọ ọ́." Gbogbo wa la mọ̀ pé èèyàn máa ń dákẹ́ síbẹ̀ ni. Alfa ti ń bọ́ sórí àdúrà.

Mo ní, "Tèṣán jẹ ẹ́ ní ẹsẹ̀ kan."

Sájẹ́ńtì Màmúdù wà níbẹ̀, ọmọ tèṣán náà, tó fi jalàbíà bo ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn yọ̀ǹda rẹ̀. Òkú ò lè gbowó."

"Màmúdù, òun ló ni gbèsè. Sọ̀kalẹ̀ lọ bi í. Ihò nìyẹn."

"Ìyá, sàréè nìyí, kì í ṣe kọ́ọ̀tù," Alfa ní.

"Kọ́ọ̀tù ti dá tiẹ̀. Ẹ̀yin lẹ béèrè, Alfa. Bẹ́ ò bá fẹ́ èsì, ẹ̀ bá má béèrè."

Alfa yíjú sí Qudrah, torí òun ni àjogún. "Ọmọ mi, ṣé o yọ̀ǹda?" Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́. Qudrah kì í sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ ti ọmọ mọ́ ti ara rẹ̀ tán. Bó bá sọ pé òun yọ̀ǹda, ó ti parí nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi.

"Ẹ má bínú, Alfa. Ọdún mẹ́jọ ni bàbá mi fi béèrè ohun yìí. Èmi ò yọ̀ǹda."

Alfa wá gbé ohùn sókè: "Gbogbo yín ti gbọ́. Gbèsè wà nílẹ̀, àjogún ò yọ̀ǹda. Ikú olówó kì í pa gbèsè." Mo ní kí Toyyibah mú ìwé wá, kí gbogbo ẹni tó gbọ́ buwọ́ lù ú. Màmúdù ní òun ti ń lọ. Mo ní, "Láàárọ̀ yìí, omi kànga ta lo fi wẹ̀ kó o tó wá?" Ó dúró. Ó gba bírò, ó buwọ́ lù ú. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ ara rẹ̀ ló kọ.

Akọ̀wé, má ti fáìlì kankan pa. Ìbuwọ́lù kan lò ń wá lọ́wọ́ Yínúsà. Mẹ́tàlélógójì ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, ti ọlọ́pàá wà nínú wọn. Ẹni tó yìnbọn ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti gbé e ga. Kí ni wọ́n rí tí wọ́n fi gbé e ga, bí kì í ṣe orúnkún tó fọ́?

Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ má gbé àpò ìrẹsì wá kí mi, mo ní eyín mẹ́rin péré. Qudrah ọmọ Yínúsà ń gbé ní ilé tí kànga wà níwájú rẹ̀, lẹ́yìn mọ́sálásí Òkè-Àpárò. Ẹ fi ìwé ẹ̀bẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹ jẹ bàbá rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan. Ẹ san án.