Òkúta Pupa Tó Di Ìyẹ̀fun

Bàbá Dúrọ́ọ̀ ni gbogbo wa ń pè é, torí pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú àwọn òkúta inú dúrọ́ọ̀ onígi nílé ẹ̀kọ́ gíga wa. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ èyí tí omi ń bà jẹ́, èyí tó ní májèlé àti èyí tí kò gbọdọ̀ rí oòrùn nínú wọn. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó pupa fòò, tó ń dán bíi díńgí, tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Àbúrò Bàbá Dúrọ́ọ̀ tó ń wa kùsà ló wà á jáde. Lọ́dún kejì ni kòtò wó lé àbúrò náà lórí, wọn ò sì rí òkú rẹ̀ gbé jáde. Òkúta yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù. Lọ́dọọdún ni ìyá wọn ń wá wò ó, bí ẹni tó lọ síbi sàréè.

Ọ̀gá tuntun wá dé.

"Bàbá, ta ló máa rí òkúta tó ń sùn nínú àpótí? Ẹ kó wọn sẹ́yìn gíláàsì, ká tan iná sí wọn."

"Ọ̀gá, èyí pupa yìí ò fẹ́ iná o. Ìmọ́lẹ̀ ń tú u ni."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Òkúta tó ń sá fún iná! Àbí eku ni?"

Ta ni yóò bá ọ̀gá jiyàn? Wọ́n gbé e sábẹ́ iná. Bàbá Dúrọ́ọ̀ fi aṣọ bò ó, ọ̀gá ní kí wọ́n ká aṣọ náà kúrò. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, òkúta ti ń sán, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè ń bọ́ lára rẹ̀. Nígbà tó fi máa pé ọdún, ìyẹ̀fun nìkan ló kù.

Bàbá gbé e lọ bá ìyáàfin kan ní yàrá ìwádìí.

"Bàbá, ohun tó wà nínú rẹ̀ ò dín, kò sì lé," ìyáàfin náà sọ fún un. "Bí àwọn ohun náà ṣe tò mọ́ra ni ìmọ́lẹ̀ yí padà."

"Tí ẹ bá fún un pọ̀ ńkọ́?"

Ìyáàfin náà bu ṣínkín nínú ìyẹ̀fun náà sáàárín dáyámọ́ńdì kéékèèké méjì, ó ń fún wọn mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Bàbá fi ojú sí awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá.

"Ó ń pọ́n! Ẹ wò ó, ó ti ń pọ́n! Ẹ máà tú u o!"

"Bàbá, a ò lè fún un báyìí títí ayé."

Ìyáàfin náà tú u. Àwọ̀ ìyeyè náà ló padà sí.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Màmá, ìyá Bàbá Dúrọ́ọ̀, dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ láti wá wo òkúta náà. Bàbá Dúrọ́ọ̀ mú un dé iwájú abọ́ ìyẹ̀fun náà. Màmá wò ó títí, ó wá na ọwọ́ sí i. Bàbá Dúrọ́ọ̀ yára di ọwọ́ náà mú.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, Màmá. Májèlé ni."

"Èmi náà ni o ń lé kúrò lára ọmọ mi?"

Màmá fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó ní kó bá òun wá ọkọ̀. Kò wá mọ́ láti ọjọ́ náà.