Òjìji Èèkàn Àfáà Yàhàyá

Láyé ìjọba àwọn Jámánì ní ilẹ̀ Tógò, ẹni tó bá gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí Kambolé kọjá á rí ọkùnrin kan tó jókòó ti èèkàn lásán, bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ já lọ. Àfáà Yàhàyá nìyẹn. Sàfúrátù ìyàwó rẹ̀ ti kú, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kò ríran dáadáa mọ́, àwọn ọmọ kéú rẹ̀ sì ti tú ká. Ẹ̀bi tiẹ̀ náà kúkú wà níbẹ̀, ó ti le jù.

Ohun tó ń kọ́ wọn kò ṣòroó ṣe. Ẹ ri èèkàn mọ́lẹ̀, ẹ fi okùn fa òbírí yí i ká. Láàárọ̀, bí òjìji èèkàn bá ń kúrú bọ̀, tí orí rẹ̀ kan òbírí, ẹ gbé òkúta síbẹ̀. Lọ́sàn-án, bó bá gùn padà tó tún kan òbírí lódì kejì, ẹ gbé òkúta míì síbẹ̀. Ìlà tó so òkúta méjèèjì pọ̀ á nà tààrà sí ìlà oòrùn, ibẹ̀ lẹ ó ti mọ ibi tí ẹ ó kọjú sí kírun.

Gbogbo ọmọ ló mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ Àfáà á ní, "Kí ló fà á tó fi rí bẹ́ẹ̀?" Kò ní sọ fún wọn, á ní kí wọ́n lọ rò ó wá. Ẹni tó bá dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ́ wa," ó di ilé nìyẹn. Bó ṣe lé Jímọ̀ náà nìyẹn, èyí tó fẹ́ràn jù. Jímọ̀ bá àwọn tó ń la ọ̀nà ní Sokodé lọ. Ilé Àfáà wá dákẹ́ rọ́rọ́. Àárò àwọn ọmọ náà ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, Jímọ̀ gba Tchamba wálé. Kò tíì kí ìyá rẹ̀ tó fi yà, ó lóṣòó níwájú Àfáà.

"Bàbá, mo fa ìlà náà ní Sokodé, mo fà á ní Tchamba, ibì kan náà ló ń nà sí. Mo rò ó títí, n kò rí ìdí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi."

Àfáà fọwọ́ ba èèkàn rẹ̀.

"Wọn ò sọ fún èmi náà, ọmọ mi. Mo bi olùkọ́ mi, ó lé mi. Mo wá ń bi yín, bóyá ọ̀kan nínú yín á rí i, á wá sọ fún mi."

Inú bí Jímọ̀ gidigidi. Ó dìde, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó kọrí sílé. Nígbà tó wẹ̀yìn wò, Àfáà ń fọwọ́ wá òkúta kejì kiri ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òkúta náà wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Jímọ̀ padà wá, ó fi í lé e lọ́wọ́.

"Ṣé òjìji ti kan òbírí?" ni Àfáà bi í.

"Ó kù díẹ̀, Bàbá," ni Jímọ̀ wí, ó sì jókòó tì í.