Kóòtù Tí Kò Ní Àpá

Ẹ má pe Ìyá Abẹ́rẹ́ ní télọ̀ o, ó máa ń bínú. Télọ̀ ń rán aṣọ tuntun. Aṣọ tó ya ni tirẹ̀. Bí ìṣó bá fa ṣòkòtò yín ya, bí kòkòrò bá jẹ ihò sára súwẹ́tà tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù, òun lẹ máa gbé e lọ bá. Kì í lẹ aṣọ míì mọ́ ọn. Á tú ìṣẹ́tí aṣọ náà gan-an díẹ̀, á fa òwú bíi mẹ́wàá yọ níbi tí ojú kò tó, á wá fi abẹ́rẹ́ hun wọ́n padà sójú ihò náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, lábẹ́ gíláàsì ńlá kan tó ń mú nǹkan kékeré tóbi. Ihò tí kò ju èékánná lọ lè gba òwúrọ̀ kan gbáko lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá parí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni aṣọ, ẹ ó wá ojú ibẹ̀ tì.

Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, láàárín ọkùnrin tó ń gé kọ́kọ́rọ́ àti ọmọbìnrin tó ń ṣe fótókọ́pì. Tábìlì kan, àga méjì, fèrèsé kan tó kọjú sí títì, àti iná kan tó tẹrí ba bí ẹni tó ń kí àgbà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti jókòó síbẹ̀. Alágbàfọ̀ ńlá tó wà ní ìkòríta ló ń kó iṣẹ́ wá fún un tẹ́lẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, alágbàfọ̀ ti ilẹ̀kùn, ó kó lọ. Láti ìgbà náà, bí èèyàn bá yọjú sọ́dọ̀ Ìyá Abẹ́rẹ́, ọ̀nà fótókọ́pì ló fẹ́ béèrè.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà nílùú míì ti ní kó máa bọ̀. "Mọ́mì, mo ti palẹ̀ yàrá kan mọ́ fún yín. Ẹ wá sinmi."

Sinmi kẹ̀! Ohun tó ń ba Ìyá Abẹ́rẹ́ lẹ́rù jù láyé nìyẹn: kó jókòó sójú fèrèsé ilé ọmọ, kí ọwọ́ méjèèjì wà lórí itan láìní nǹkan tí wọ́n ń ṣe. Ó bẹ ọmọ náà pé kó fún òun di ìparí ọdún. Bí iṣẹ́ bá dé, òun á dúró. Bí kò bá dé, òun á kó abẹ́rẹ́ òun, òun á wá.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, èyí tó ń tẹ lẹ́tà ní ọ́fíìsì, ló mú ọ̀rọ̀ ayélujára wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó sábẹ́ àtẹ̀gùn bí ìgbálẹ̀, ẹ wá ń retí èrò. Ta ló máa mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀?"

"Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ mí."

"Àwọn tó mọ̀ yín ti ń kú tán!"

"Ẹnu ẹ ò dáa."

"Ẹnu mi ò dáa, àmọ́ òótọ́ ló ń sọ. Ẹ jẹ́ ká ṣí búlọ́ọ̀gì fún yín. Ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ síbẹ̀. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá ya níbikíbi á kà á, á sì wá yín kàn."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá Abẹ́rẹ́ á kọ ọ́ sínú ìwé eléèpo búlúù kan, àbúrò á tẹ̀ ẹ́. Ó kọ nípa bí wọ́n ṣe ń fọ aṣọ onírun tí kò fi ní sún kì. Ó kọ nípa kòkòrò tó ń jẹ aṣọ. Oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ méjìlá. Nígbà tí wọ́n wo iye ẹni tó ń kà á, èèyàn méje ni. Mẹ́ta nínú méje ọ̀hún, àbúrò náà ni: lórí fóònù tirẹ̀, lórí ti ọkọ rẹ̀, àti lórí ẹ̀rọ ọ́fíìsì.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ ṣàlejò," ni àbúrò wí. "Ẹni tí èrò ti kún ojú ewé rẹ̀, ẹ ó bá a kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Á fi orúkọ yín sísàlẹ̀, á fi ọ̀nà ilé yín sí i. Ẹni tó bá gbádùn ẹ̀ á kàn tẹ̀ ẹ́ ni, á bá yín délé."

"Ìyẹn ni pé kí n lọ máa sọ̀rọ̀ ní pálọ̀ olówó, kí àwọn àlejò ẹ̀ lè tẹ̀ lé mi wá sí tèmi?"

"Ó yé yín!"

"Ìwà ọmọ ta nìyẹn?"

Àmọ́ ó gbà. Wọ́n kọ̀wé sí ẹni mẹ́sàn-án. Mẹ́jọ kò dáhùn. Ìkẹsàn-án, obìnrin kan tó ń kọ̀wé nípa ìtọ́jú ilé àti aṣọ, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń kà lójúmọ́, ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan tí wọn kò tíì gbé jáde níbikíbi ránṣẹ́, pẹ̀lú fọ́tò méjì: bí aṣọ ṣe ya, àti bó ṣe rí lẹ́yìn iṣẹ́. Nítorí pé ilé rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣàlejò sí, Onílé ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń pè é.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀gá ilé ìwé tó wà lódìkejì títì gbé kóòtù rẹ̀ dúdú wá. Ìṣó géètì ló fà á ya ní ìgbọ̀nwọ́, ó gùn tó ìka méjì. Kóòtù náà ló sì fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n máa ṣe ìdágbére fún un lẹ́nu iṣẹ́.

"Ìyá, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀ o."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin gan-an ò ní mọ̀. Ṣé kí n ya fọ́tò ojú ibi tó ya?"

"Ẹ yà á, bí orí mi ò bá ṣáà ti sí níbẹ̀."

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ìyá àgbà tó kọ́ ọ níṣẹ́ fi òfin kan lélẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rí iṣẹ́ àbọ̀. Ó ní bí oníbàárà bá fojú kan inú ọgbẹ́, ojú ibẹ̀ ni yóò máa wò títí ayé. Nítorí náà, bí èèyàn bá wọlé nígbà tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́, Ìyá Abẹ́rẹ́ á da aṣọ funfun bò ó, ì báà ṣe àbúrò rẹ̀. Ó ya fọ́tò kan nígbà tí ìgbọ̀nwọ́ náà ṣì là bí ẹnu ẹja. Ọjọ́ kejì tó parí, ó ya òmíràn. Láàárín méjèèjì, kò ya nǹkan kan. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn.

Ó kọ ọ̀rọ̀ kóòtù náà, àbúrò sì fi í ránṣẹ́ sí Onílé pẹ̀lú fọ́tò méjèèjì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Onílé gbé e jáde. Kó tó di ọ̀sán, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn ti kà á, igba lé ní ọgọ́ta sì ti bá Ìyá Abẹ́rẹ́ délé, sí búlọ́ọ̀gì tirẹ̀. Àbúrò pè é láti ọ́fíìsì, ó ń pariwo bí ẹni tó bímọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ ti dìlúmọ̀ọ́ká!"

Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé fóònù sílẹ̀, ó nu àga kejì, èyí tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí. Ó tún un nù.

Ìrọ̀lẹ́ ni ẹnìkan kọ ọ́ sísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà pé: "Kóòtù méjì nìyí." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Òmíràn gbè é lẹ́sẹ̀: "Ẹ wo bọ́tìnnì ọwọ́ ẹ̀, ti ìkejì ń dán ju ti àkọ́kọ́ lọ!" Òótọ́ ni, ó dán. Ìyá Abẹ́rẹ́ ló nù ún. Gbogbo aṣọ tó bá gba ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń nu bọ́tìnnì wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n lè padà sílé pẹ̀lú iyì. "Ogún ọdún ni mo ti ń ránṣọ, kò sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀." "Màmá, ẹ bá mi dí ògiri ilé mi náà, ó ti sán." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èébú ti pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ.

Onílé kọ̀wé, ó tutù bí omi àmù: kí Ìyá mú ẹ̀rí wá kó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, bí kò bá sí ẹ̀rí, òun á yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, òun á sì sọ ìdí rẹ̀ fáwọn èèyàn òun.

Ẹ̀rí wo? Òwú mẹ́rin tó ṣẹ́ kù lára ìṣẹ́tí kóòtù náà wà nínú páálí ìṣáná lórí tábìlì. Ó ya fọ́tò wọn, ó fi ránṣẹ́. Wọ́n ní òwú wà lọ́jà. Àbúrò ní kó fa síkẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ ya, kó tún un ṣe níwájú fóònù. Ó ṣe é o! Obìnrin tí kò fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ tó pé rí, ó fi gé ti ara rẹ̀. Wákàtí méjì, ẹ̀yìn ọwọ́ nìkan ni fóònù rí. Onílé dáhùn pé kì í ṣe síkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń béèrè, kóòtù ni.

Ibì kan ṣoṣo ló kù. Lábẹ́ aṣọ inú kóòtù náà, níbi tó di ìdí òwú sí, ojú iṣẹ́ hàn díẹ̀. Bó bá tú aṣọ inú yẹn níwájú fóònù, ọ̀rọ̀ parí. Lọ́jọ́bọ̀, ó rékọjá títì lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìyá, gbogbo olùkọ́ mi ló rí mi lọ́jọ́ tí géètì gbé mi kọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín mi títí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọ̀gá."

"Lọ́jọ́ tí mo gba kóòtù lọ́wọ́ yín, wọ́n ní, 'Ọ̀gá, ṣé ẹ ra tuntun ni?'" Ó wo ilẹ̀. "Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹni tó ni kóòtù pàápàá ti wà lẹ́yìn àwọn tó ń sọ pé kóòtù méjì ni.

"Ìyá, ọ̀túnla ni wọ́n ń ṣe ìdágbére fún mi. Wọ́n ń ka ojú ewé yẹn. Ẹ má jẹ́ kí n fi ẹ̀sín kúrò níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ lọ́dún márùndínlógójì. Nítorí kẹ́nikẹ́ni má mọ̀ ni mo ṣe gbé e wá fún yín. Ẹ sì ṣe é. Ẹ ṣe é dáadáa."

Ìyá Abẹ́rẹ́ ti ṣèlérí. Ó dúpẹ́, ó jáde, bí ẹni pé ọ̀gá ló ṣe é lóore.

Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ọjọ́ Ẹtì, ó jókòó ti aago ògiri. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ronú pé òun á kọ lẹ́tà gígùn kan, ó ṣí ìwé eléèpo búlúù, ó kọ "Ẹ jọ̀ọ́", ó dúró síbẹ̀. Aago méjìlá lù. Onílé yọ ọ̀rọ̀ náà, ó sì kọ gbólóhùn kan sójú ibẹ̀: "Ẹ foríjì wá, a gba àlejò tí a kò mọ̀ dáadáa." Àbúrò kò gbà. Ó tún kọ̀wé sáwọn mẹ́jọ tí kò dáhùn lọ́jọ́sí. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnìkan dáhùn: "A ti gbọ́ nípa yín."

Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n ń wí. Ojú wo ni Ìyá Abẹ́rẹ́ fẹ́ wá lọ sórí ayélujára? Ó pe ọmọ rẹ̀. Ọmọ ní yàrá náà ń gba oòrùn dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, àbúrò wá bá a palẹ̀ mọ́. Wọ́n ń di gíláàsì ńlá náà sínú tówẹ́ẹ̀lì nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé gba iwájú fèrèsé kọjá, ó ń lọ síbi ìdágbére rẹ̀, àwọn olùkọ́ tò lẹ́yìn rẹ̀. Kóòtù dúdú ló wọ̀. Oòrùn bọ́ sórí apá rẹ̀ gan-an. Kò dúró, ó kàn fi ojú kí Ìyá Abẹ́rẹ́, ó gbé ojú kúrò.

Àbúrò ti fa fóònù yọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, òun nìyẹn! Ẹ sún, ẹ jẹ́ kí n ya ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀!"

Ìyá Abẹ́rẹ́ tẹ ara síwájú. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo ìgbọ̀nwọ́, ó wá ibi tí òun fi ọjọ́ méjì hun. Ó wá a títí ọkùnrin náà fi yà ní ìkòríta. Òun tó ṣe é, kò rí i.

"Fi fóònù sápò," ló wí. "Kí lo fẹ́ yà? Kò sí nǹkan níbẹ̀."